Ẹ Bi Wá: Ẹ̀rọ ìkàwé wo ni kí n gbé dání lọ ìrìn-àjò?

Ẹ̀rọ ìkàwé tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí ojú rẹ̀ jọ bébà, tó jẹ́ pé ìwé kíkà ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Fóònù kọ́, táblẹ́ẹ̀tì kọ́. A ti gé àwọn lẹ́tà ìbéèrè yín tó gùn kúrú.

Mo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìkàwé tí màá máa gbé kiri, nítorí iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Àwọn kan ní Kindle ni kí n rà, àwọn kan ní Kobo. Ẹ dákun, èwo ló dáa jù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn: níbo lẹ ti ń rí ìwé tí ẹ fẹ́ kà? Ibi tí ìwé ti ń wá ló ń yan ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó dán gbinrin tí ìwé yín kò ṣí lórí rẹ̀, awo pẹlẹbẹ lásán ni.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Amazon, ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ni Kindle, lẹ ti ń ra ìwé, tí èyí tí ẹ ti rà sílẹ̀ sì ti di òkìtì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Kindle ni kí ẹ rà. Wọ́n ti fi àgádágodo sára ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tà níbẹ̀, wọn ò sì ní ṣí lórí Kobo. Ẹ kàn mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé Amazon ń gbà dé orí Kindle báyìí. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè wa ìwé tó rà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kó wá fi wáyà gbé e sórí Kindle. Ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé ọdún 2025 ni wọ́n ti ọ̀nà yẹn pa. Ìwé tó jẹ́ irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní EPUB, tí ẹ rí níbòmíràn ńkọ́? Bí ẹ bá fi wáyà kó o sínú Kindle, kò ní yọjú rárá. Send to Kindle, ètò tí Amazon ṣe fún fífi fáìlì ránṣẹ́ sórí Kindle, ni kí ẹ fi fi í ránṣẹ́. Láti ọdún 2022 ló ti ń gba EPUB, òun ló sì ń yí i padà sí irú èyí tí Kindle gbọ́. Lórí ìkànnì Send to Kindle, fáìlì kan kò gbọdọ̀ ju 200 MB lọ. Bó bá jẹ́ ímeèlì lẹ fi ránṣẹ́, 50 MB ni òpin.

Bó bá sì jẹ́ pé ibi púpọ̀ lẹ ti ń rí ìwé, ilé ìtajà yìí lónìí, ọwọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ́la, EPUB ló máa pọ̀ jù nínú wọn. Kobo àti PocketBook, ẹ̀rọ ìkàwé mìíràn, ń ka EPUB tí kò ní àgádágodo tààrà. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, á yọ bíi fláàṣì, ẹ ju fáìlì sí i, ẹ tẹ Eject kí ẹ tó fa wáyà yọ, ó tán. Ẹ má fo Eject yẹn o. Bí ẹ bá fa wáyà yọ nígbà tí fáìlì ṣì ń wọlé, orúkọ ìwé á hàn, ẹ ó tiẹ̀ kà á dé orí kẹta, ibẹ̀ ló máa kú sí.

Ẹni tó ń yá ìwé lọ́wọ́ ilé ìkàwé: OverDrive, ètò tí ilé ìkàwé fi ń yáni ní ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà nínú Kobo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ti Kindle, ilé ìkàwé Amẹ́ríkà nìkan ló wà fún. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé ìkàwé yín léèrè.

Ó wá ku ẹni tí ìwé rẹ̀ fọ́n ká sínú áàpù mẹ́ta mẹ́rin. Irú wọn ni ẹ̀rọ Boox bá mu, torí Android ló ń lò, áàpù Kindle àti ti Kobo á sì jọ gbé inú rẹ̀ láìjà. Bátìrì ló máa ń forí fá a, nítorí áàpù ń jẹ iná lábẹ́lẹ̀ kódà nígbà tí ẹ kò fọwọ́ kàn án.

PDF ni ọ̀pọ̀ ìwé tí mò ń kà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ẹ̀rọ 6 ínǹṣì á gbà á? Mi ò fẹ́ gbé ohun tó wúwo.

Ẹ̀rọ á gbà á. Ojú yín ni kò dájú pé á gbà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21. Ojú ẹ̀rọ 6 ínǹṣì fẹ̀ ní nǹkan bíi 9. Bí odindi ojú ewé bá fún ara rẹ̀ pọ̀ wọ inú 9 yẹn, lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní póìntì 12 á di nǹkan bíi 5, ìyẹn bíi ti lẹ́tà ara páálí oògùn. EPUB kò ní wàhálà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń ṣàn bí omi: ohun tí ẹ bá dà á sí ló máa gba ìrísí rẹ̀. PDF ní tirẹ̀ dà bí fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà tóbi, gbogbo fọ́tò náà ló máa tóbi, etí rẹ̀ á sì yọ kúrò lójú ẹ̀rọ.

Ọgbọ́n méjì wà tí ẹ lè kọ́kọ́ dá. Ẹ gé àlàfo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé kúrò (ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní bọ́tìnnì rẹ̀ nínú àtòjọ PDF). Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ lórí A4, torí náà póìntì 12 á di nǹkan bíi 7. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ẹ̀rọ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Báyìí, fífẹ̀ rẹ̀ ti di nǹkan bíi 12, lẹ́tà á sì di póìntì 9, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè kà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú ewé kan á pín sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó sì máa ṣí i léraléra.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi Calibre, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, yí PDF padà sí EPUB. Ọ̀fẹ́ ni Calibre, ó sì wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ìwé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí ojú ewé bá ní òpó ọ̀rọ̀ méjì, ó lè so ìlà òpó àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti èkejì. Àtẹ ìṣirò á fọ́nká. Nọ́ńbà ojú ewé á já bọ́ sáàárín gbólóhùn. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ya àwòrán ìwé náà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí Calibre máa rí mú.

Fún PDF tó kún fún àtẹ àti àwòrán, 10.3 ínǹṣì ni ìdáhùn. Fífẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 16, nítorí náà bí ẹ bá ti gé àlàfo ẹ̀gbẹ́ kúrò, lẹ́tà á wà bó ṣe wà lórí bébà gan-an. Ẹ ó kàn gbé e ni: ẹ̀rọ 10.3 máa ń wà ní àyíká gíráàmù 400, nígbà tí Kindle kékeré ti 2024 jẹ́ 158, tí Kobo Clara BW jẹ́ 174, tí Kindle Paperwhite 7 ínǹṣì sì jẹ́ 211. Kò sí ẹ̀rọ tó fúyẹ́ tó sì tún fẹ̀ bí A4. Ẹ mú ọ̀kan. Ní tiwa, bí PDF kò bá ju ìdámẹ́rin ohun tí ẹ ń kà, ẹ ra kékeré, kí ẹ sì máa ka PDF lórí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó bá ní àwọ̀ lẹ ń wò? Irú ojú aláwọ̀ tó pọ̀ jù lórí àtẹ ni Kaleido 3. Dúdú àti funfun rẹ̀ jẹ́ 300 ppi (iye ẹyọ àmì inú ínǹṣì kan), àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ 150 péré, ojú rẹ̀ sì ṣú díẹ̀ ju ti aláìláwọ̀ lọ, ìyẹn ni pé ẹ ó máa tan iná sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Fún ìtàn lásán, kò pọn dandan.

Ìwé mẹ́wàá ló hàn lójú ẹ̀rọ mi kí n tó kúrò nílé. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbéra, méjì péré ló ṣí. Kí ló fà á?

Èèpo ẹ̀yìn ìwé lẹ rí, ìwé gan-an kò tíì dé. Ẹ̀rọ máa ń fi gbogbo ohun tí ẹ ti rà hàn, yálà ó ti wà nínú rẹ̀ àbí ó ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yí àtòjọ padà sí Downloaded, ẹ ó rí iye tó wà nílé lóòótọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, ẹ tan Wi-Fi, ẹ tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró kó ṣí, kí ẹ sì ṣí i dé àárín. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ kí ẹ rí i bóyá ìwé atúmọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ, torí òun náà máa ń jẹ́ ohun tí wọ́n ń wà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé tí ẹ yá, ẹ wo ọjọ́ tó máa padà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ tan airplane mode, ẹ tún ṣí ìwé méjì mẹ́ta wò. Èyí tí kò bá ṣí báyìí kò ní ṣí lókè.

Ẹ má gbójú lé Wi-Fi ibùdókọ̀ tàbí ti òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ojú ewé kan wá tí ẹ ó ti forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ìkàwé kò sì mọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ ṣí dáadáa. Á kàn sọ pé òun ti so mọ́ Wi-Fi, ìwé ò sì ní wọlé. Hotspot fóònù yín sàn jù. Bí ẹ̀rọ kò bá rí hotspot náà, ó ṣeé ṣe kí fóònù máa lo 5 GHz nígbà tí ẹ̀rọ yín mọ 2.4 GHz nìkan. Lórí iPhone, ẹ tan Maximize Compatibility. Lórí Android, ẹ yan 2.4 GHz nínú àtòjọ hotspot.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé bátìrì á lo ọ̀sẹ̀ 12. Tèmi ò pé ọ̀sẹ̀ kan lórí ìrìn. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Wọn ò rẹ́ yín jẹ, ìṣirò wọn ló yàtọ̀ sí tiyín. Ọ̀sẹ̀ 12 tí Amazon kọ sí Paperwhite ti 2024, ìdajì wákàtí lójúmọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú Wi-Fi ní pípa àti iná ojú rẹ̀ ní ìwọ̀n 13. Ìdajì wákàtí lọ́nà ọjọ́ 84 jẹ́ wákàtí 42. Ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí 7 lójúmọ́, ọjọ́ 6 ni.

Ojú ẹ̀rọ gan-an kì í jẹ iná púpọ̀. Àwọn ike tín-tìn-tín kan ló wà nínú rẹ̀, tí èérún dúdú àti funfun léfòó nínú omi wọn. Iná máa ń fa èyí tó yẹ wá sókè nígbà tí ẹ bá ṣí ojú ewé. Tó bá ti dé ibẹ̀, á dúró láìgba iná mọ́. Ohun tó ń jẹ bátìrì ni Wi-Fi, Bluetooth tí wọ́n fi ń gbọ́ ìwé àfetígbọ́, àti iná tó mọ́lẹ̀ jù.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí ẹ bá da ọgọ́rùn-ún ìwé sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn kí ẹ lè máa wá a, iṣẹ́ yẹn sì ń mu bátìrì bí omi. Ẹ kó wọn sí i ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ fi wáyà sí i lára mọ́jú. Bí ẹ̀yìn ẹ̀rọ bá ń móoru tí bátìrì ń lọ sílẹ̀ nígbà tó ń sùn, ó ṣeé ṣe kí fáìlì kan tó bàjẹ́ ti há a lọ́rùn: ẹ pa èyí tí ẹ kó sí i kẹ́yìn rẹ́, kí ẹ sì tan ẹ̀rọ lákọ̀tun.

Nípa wáyà: àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ní ihò USB-C ṣùgbọ́n tí kì í gba iná láti ara wáyà tó jẹ́ USB-C lórí méjèèjì. Ẹ dán ti yín wò nílé. Bí bátìrì bá sì ti kú pátápátá, ẹ fi í sí ṣáájì fún wákàtí kan gbáko kí ẹ tó pariwo pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Ṣé mo lè kà á lóru nínú ọkọ̀ láìjí ẹni tó jókòó tì mí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ ni àwọn gílóòbù kéékèèké rẹ̀ wà, orí bébà ni wọ́n ń tàn sí, kì í ṣe ojú yín bíi ti fóònù. Ẹ wá èyí tí iná rẹ̀ ṣeé yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú, kí ẹ sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá máa ń dúró nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ kan di irin mú, ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi Kobo Libra. Àtàǹpàkò nìkan ló ń ṣí ojú ewé rẹ̀.

Bí mo bá ṣí ìwé Yorùbá, àmì ohùn kì í dúró lórí lẹ́tà, òmíràn á di àpótí kékeré. Ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́?

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, fọ́ńtì ni. Lẹ́tà bíi á àti è ní nọ́ńbà tiwọn lódidi nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan, àmì ohùn jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé èkejì lé. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n á jẹ́ kí àmì yẹ̀ sápá ọ̀tún tàbí kó gun lẹ́tà kejì. Èyí tí kò tiẹ̀ ní àmì náà rárá ló ń gbé àpótí síbẹ̀.

Ẹ wa Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà; ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Lórí Kindle, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ fonts. Lórí Kobo, ẹ dá a sílẹ̀ fúnra yín pẹ̀lú orúkọ yẹn, kó má wà nínú fódà mìíràn. Ẹ kó fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i: Regular, Italic, Bold àti BoldItalic. Bí ẹ bá kó Regular nìkan, ibi tí wọ́n bá ti tẹ lẹ́tà ní dídagun nínú ìwé lè tún dàrú. Ẹ tẹ Eject, ẹ ṣí ìwé, ẹ tẹ Aa, ẹ yan fọ́ńtì tuntun. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ wò ó bóyá fọ́ńtì tí atẹ̀wé fi sínú ìwé ló ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àtòjọ yẹn kan náà.

Ẹ fi "ọ̀rẹ́" àti "ẹ̀kọ́" dán an wò. Bí àwọn méjèèjì bá dúró dáadáa níbì kan tí ìwé kan ṣoṣo ṣì ń dàrú, fáìlì ìwé yẹn ni wọn ò tẹ̀ dáadáa, kò sí fọ́ńtì tó máa wò ó sàn. Ẹ máa wo ojú ewé àfihàn kí ẹ tó ra ìwé.

Mo yọ ẹ̀rọ mi nínú báàgì, mo rí i tí ìlà ti gba ìdajì ojú rẹ̀. Kò já bọ́ rárá. Ojú rẹ̀ kò sì sán.

Nǹkan ló tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ojú tí ẹ ń fọwọ́ kàn, gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, òun ló sán. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40 kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí ìlà náà bá ṣì wà lójú kan náà, gíláàsì ti lọ nìyẹn. Òjìji ojú ewé tí ẹ ti kà kọjá tó ń hàn fírífírí kì í ṣe ara rẹ̀. Ìyẹn á lọ bí ojú ẹ̀rọ bá ti tún ara rẹ̀ yà.

Àpò aṣọ rírọ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan họ ojú rẹ̀, kò lè gbà á lọ́wọ́ ìtẹ̀. Èèpo tó le níwájú ni kí ẹ rà. Nínú báàgì, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi kọ̀ǹpútà tàbí ìwé, kí orí ṣáájà, kọ́kọ́rọ́ àti ike omi wà ní ihò mìíràn. Ẹ má fi í sínú àpò ẹ̀yìn ìjókòó ọkọ̀: orúnkún ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ sí.

Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ẹ̀rọ àyẹ̀wò báàgì kò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́?

Kò ní bà á jẹ́. Bátìrì rẹ̀ kéré gan-an sí 100 Wh (ìwọ̀n agbára bátìrì) tí ìlànà fi òpin sí láìgba àṣẹ. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí, pàápàá power bank, tí wọn kì í gbà nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Airplane mode ti tó, ẹ kò ní láti pa á.

Mo fẹ́ máa kà á létí òkun. Ṣé dandan ni kí n ra èyí tí omi kì í bà jẹ́?

Etí òkun nìkan ti tó láti jẹ́ kí ẹ rà á. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IPX8 sí, àmì ìwọ̀n ààbò lọ́wọ́ omi. Fún Paperwhite, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìṣẹ́jú 60 nínú omi tútù lásán ní jíjìn mítà 2. Omi iyọ̀ yàtọ̀: ìṣẹ́jú 3 péré, ní jíjìn mítà 0.25. Kindle kékeré kò ní ààbò yìí rárá. Bí omi òkun bá kàn án, ẹ fi omi lásán ṣàn án, ẹ da ihò USB dojú kọlẹ̀, kó gbẹ fúnra rẹ̀ láìlo ooru, ẹ má sì fi ṣáájì sí i títí ihò yẹn á fi gbẹ tán. Bí omi bá ta sójú rẹ̀ tí ojú ewé ń ṣí fúnra wọn, kò bàjẹ́. Ó rò pé ìka yín ni. Ẹ nù ún.